Orí Kẹta: Ajá Ìlú àti Ẹ̀gbà Bàbà Ìyá Ọkọ Mi

Ajá gbó mọ́ obìnrin tó wà níwájú wa, wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ. Ajá tún gbó. Wọ́n ní kó tú irun. Ó ń tú irun, ó ń ṣépè sínú, títí tí òrùka bàbà kékeré kan fi bọ́ láti inú dídì tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀, tó sì dún lórí sìmẹ́ǹtì. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà pariwo pé, "Háà!"

"Màmá Rìsì, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?" Fìjàbí, ọkùnrin tó ń darí Ajá, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn bàbà, fún Ìgbìmọ̀ Iná tó ń gba gbogbo bàbà ìlú, ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mú òrùka náà, ó jù ú sínú abọ́ orí tábìlì. "Ẹ̀rọ omi àdúgbò yín dákẹ́ nítorí pé kò sí bàbà, ẹ̀yin wá ń fi bàbà di irun."

"Ti ìyá mi ni. Mo kàn fẹ́ ní nǹkan ìyá mi lọ́wọ́ ni."

"Ìyá yín náà ń mu omi nígbà tí wọ́n wà láyé. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó kàn!"

Àwa ló kàn. Mo fi apá gbá Ìyá, ìyá ọkọ mi, mú bí mo ṣe máa ń ṣe, mo fa ọwọ́ ẹ̀gbà rẹ̀ mọ́ra, a sì gbé ẹsẹ̀. Fìjàbí na ọwọ́ dá wa dúró.

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́. Ajá tuntun nìyí, kò fẹ́ kéèyàn dì mọ́ èèyàn." Ó fi ìka kan gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. "Ti àtijọ́ kàn ń gbó ni. Èyí á gbó, á sì fi ibi tí bàbà wà hàn."

Ajá ti tẹ́lẹ̀ rí bí àpótí tí àwọn aránbàtà máa ń gbé kiri. Èyí rí bí férémù ilẹ̀kùn tí kò ní ilé. Mo wò ó. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Mo dúró, mo ń retí ẹ̀rù náà, bí èèyàn ṣe ń retí àlejò tó ti ránṣẹ́ pé òun ò wá mọ́. Kò wá. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mi ò tíì rẹ ẹ̀wà tí a máa jẹ lálẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, kí ẹ má máa wò mí bí ọ̀daràn. Kò ju ìka ọmọdé lọ. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n wé okùn bàbà mọ́ ọn lára, ó sì wà nínú ilé-ọmọ mi. Lúùpù ni àwọn ìyá wa ń pè é. Níbi tí ó bá wà, oyún kì í dúró. Lẹ́yìn tí mo bí Mojírayọ̀, mo bí òmíràn. Èyí kò dúró, èmi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Agbẹ̀bí tó gbà mí sílẹ̀ sọ ọ́ fún mi láìfọ̀rọ̀ bò: bí oyún mìíràn bá dé, kí n má wulẹ̀ rán aṣọ ọmọ. Ọkọ̀ ojú omi tó máa ń kó oògùn wá kò wá mọ́. Lúùpù kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi sí mi lára. Ó ń sunkún bó ṣe ń fi í sí i, èmi tí wọ́n ń fi í sí lára ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Láti ìgbà yẹn ni nǹkan kan ti kú lára mi. Mò ń jẹun, mò ń dáná, mò ń rẹ́rìn-ín níbi tó bá yẹ, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ́n lára. Ọkọ mi, tó ń tọ́jú oko pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń gba iná lára oòrùn lókè Odò Ọya, ló mọ̀ nípa lúùpù. Òun gan-an ló kìlọ̀ pé, "Màámi ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé a ti ilẹ̀kùn, ó máa pa wọ́n." Bí ọyẹ́ bá ti lọ, yóò dé. Bí Ajá bá gba lúùpù yìí lọ́wọ́ mi lónìí, mi ò ní rí òmíràn. Kí n máa sá fún ọkọ tí mo fẹ́ràn, tàbí kí n lóyún kí n sì kú. Ọ̀nà kẹta ò sí.

Ìgbìmọ̀ Iná ò sì bèèrè bóyá a bímọ tàbí a ò bí. Ilé-ọmọ wa ò kàn wọ́n. Bàbà inú rẹ̀ ló kàn wọ́n. Nígbà míì mo máa ń rò pé ì bá sàn kí wọ́n tiẹ̀ bínú sí mi.

Bàbà kan ṣoṣo ni òfin fi sílẹ̀ lára èèyàn, ìyẹn ẹ̀gbà ọwọ́ àgbàlagbà tó ní làkúrègbé. Wọ́n gbìyànjú láti gba ìyẹn náà nígbà kan. Àwọn ìyá arúgbó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ìgbìmọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní dìde títí orúnkún àwọn á fi sàn. Ìgbìmọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀gbà kan, ó fẹ̀, ó wúwo, ó ti dúdú. Ó ń tiro, ó ń fi ọ̀pá rìn, kò lè dá dúró níwájú Ajá. Èmi ni mo máa ń gbá a mú kọjá. Ajá á gbó, Fìjàbí á wo ẹ̀gbà, á ní, "Ẹ máa lọ, Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Bí mo ṣe ń kọjá láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

"Ìyá, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ síbí," Fìjàbí wí.

Àdúrà ni Ìyá ń gbà, àdúrà tó máa ń gbà láràárọ̀, tó tún máa ń gbà níbikíbi tí èèyàn mẹ́ta bá pé sí. "Ọlọ́run má jẹ́ kí Mojírayọ̀ dá nìkan wà. Fún un lábùúrò. Ohun tó ṣe mí, má jẹ́ kó ṣe ìyàwó mi."

"Àmín," ni gbogbo ìlà ń dáhùn.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn Ìyá. Ó bí ọkọ mi, ilé-ọmọ sì ti pa. Bàbá ọkọ mi gbé e gun orí òkè àdúrà. Ó mu àgbo títí ètè rẹ̀ fi dúdú. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìyá ọkọ tirẹ̀ ló dè é lọ́mọ, obìnrin yẹn sì gbé ẹ̀sùn náà wọ ibojì. Nígbà tí mo wọlé wọn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n bí àbíyè, kí n bí tèmi àti ti Ìyá.

Ìyá fi ọ̀pá rẹ̀ fún mi, ó tiro wọ inú férémù. Ajá gbó. Lórí gíláàsì, àwòrán èèyàn funfun kan yọ, ojú pupa kan sì tàn níbi ọrùn ọwọ́. Fìjàbí mi orí. Lẹ́yìn náà ni Ajá tún gbó. Ojú pupa kejì tàn, nísàlẹ̀ ìdodo, láàárín gbùngbùn.

Fìjàbí nu gíláàsì náà. Ojú pupa ò kúrò.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, "ṣé ẹ fi nǹkan sí àpò ìró yín ni?"

"Ìró tó lápò? Ayé ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Àbí... àbí ẹ gbé nǹkan mì ni, mà?"

"Iṣu ni mo jẹ láàárọ̀."

Fìjàbí, ọkùnrin tó ti bí ọmọ mẹ́rin, ń wo ilẹ̀. "Mà, ẹ má bínú. Ajá ní ó wà... ó wà nísàlẹ̀, mà."

Ìyá wo gíláàsì náà, ó sì mí kanlẹ̀. "Hẹn-ẹn," ó ní, bí ẹni tó rántí ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí. "Á jẹ́ pé lúùpù mi nìyẹn."

Màmá Rìsì, tó ṣì ń di irun rẹ̀ padà, ló kọ́kọ́ rí ẹnu. "Lúùpù kẹ̀? Ìyá tó wá ọmọ títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú?"

"Mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀," Ìyá wí fún Fìjàbí, kò wo Màmá Rìsì. "Ẹni tó fi í sí i ti kú. Ẹni tí mo fi í pamọ́ fún náà ti kú. Ta ló kù tó máa rán mi létí?"

Mo di ọ̀pá náà mú. Mo mọ̀ pé nǹkan ńlá ló ṣẹlẹ̀ yẹn, pé ó yẹ kí ilẹ̀ mì lẹ́sẹ̀ mi. Ilẹ̀ ò mì. Mo kàn ń rò ó pé gbogbo àgbo yẹn, ó mu ún lásán ni.

"Ẹ máa lọ sí yàrá Nọ́ọ̀sì," Fìjàbí wí. "Wọ́n á yọ ọ́. Kò ní dùn yín, mà."

"Ṣé òfin yín ò ní kí arúgbó má dá wọbẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Obìnrin kan nínú ẹbí á bá yín wọlé."

"Ìyàwó mi nìyí."

Fìjàbí wo Ajá, ó wo mí. "Ìyàwó yín ò tíì kọjá Ajá, mà."

"Nítorí náà, kí n dá nìkan bọ́ aṣọ?" Ìyá gbé ohùn sókè kí ìpẹ̀kun ìlà lè gbọ́. "Tàbí ìwọ lo fẹ́ wá di ẹsẹ̀ mi mú, Fìjàbí? Ìwọ tí mo wẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ bí ọ?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Fìjàbí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ lé wa bí ẹni ń lé adìẹ. "Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ. Nọ́ọ̀sì á tẹ ẹ̀yin méjèèjì lóǹtẹ̀ níbẹ̀."

Mo rìn yí férémù náà ká, mi ò gba inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọjá, mo rò bẹ́ẹ̀.

Yàrá Nọ́ọ̀sì mọ́, ó sì tutù. Wọ́n ti gé ògiri rẹ̀ ní gígùn níbi tí wọ́n ti hú okùn iná jáde, bí ògiri gbogbo ilé ìlú yìí ṣe rí. Nọ́ọ̀sì jẹ́ obìnrin àgbà, irun rẹ̀ funfun, kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lórí àpótí ìjókòó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Ajá kan jókòó, ìran ti àtijọ́, tí wọ́n fi ń yẹ ohun tí wọ́n bá yọ wò. Orúnkún èèyàn ló ga dé.

Ìyá dùbúlẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wo òkè àjà, kò ké, ó kàn ń tẹ ìka mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó jáde, ó dúdú, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì gbé e síwájú Ajá kékeré yẹn, ó gbó wúńwúń bí ọmọ ajá tí ebi ń pa.

"Ìyá, ara yín ti jẹ eléyìí tán," Nọ́ọ̀sì wí. "Èyí tó kù ò tó di bọ́tìnnì."

"Ẹ fi kún ẹ̀rọ omi bẹ́ẹ̀ náà. Kí wọ́n má ní mi ò dá nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́, ó gbé òǹtẹ̀. Ó tẹ Ìyá ní àtàǹpàkò níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì yíjú sí mi. Ó tó ìyá mi í bí. Ó ti fara balẹ̀ tọ́jú ìyá ọkọ mi. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe? Mi ò rò ó rárá. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà. Ọwọ́ yín ò ní..."

Ajá kékeré náà gbó.

Imú rẹ̀ kọjú sí ikùn mi gangan. Ó gbó, ó gbó, kò dákẹ́. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ti rí àwọn tí Ajá gbó mọ́ rí, tí wọ́n ń ká ọwọ́ lé orí, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Èmi ò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ tutù. Mo ronú pé wọ́n á gbé èmi náà sórí bẹ́ẹ̀dì yìí kan náà, pé aṣọ rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nítorí Ìyá.

Ìyá ló dìde. Ó fò sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbé ìṣísẹ̀ méjì, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé mi nísàlẹ̀ ikùn bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń wúre ọmọ fún ìyàwó ilé, ẹ̀gbà dúdú náà sì wà láàárín èmi àti imú Ajá.

"Ọlọ́run tó ṣí tèmi lónìí, á ṣí tìẹ!" ó pariwo. "Wàá lóyún, oyún ò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lára! Wàá bí i tọwọ́ tẹsẹ̀! O ò ní fi ilé-ọmọ rẹ sunkún! Sọ pé àmín!"

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú náà ò gbàdúrà rárá.

"Àmín," mo wí.

"Sọ ọ́ kó dún!"

"Àmín!"

Nọ́ọ̀sì dúró, òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Ajá. Ó wo ẹ̀gbà. Lẹ́yìn náà ló yíjú wo ọ̀pá Ìyá, tó fara ti ògiri lọ́hùn-ún, lódìkejì bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "làkúrègbé yín yìí mọ ìgbà tó yẹ kó lọ kí èèyàn nílé."

Ìyá ò gbé ọwọ́ kúrò. Ajá ń gbó.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó pa á. "Ẹ̀gbà ló ń gbó mọ́," ó wí, kò wo ẹnikẹ́ni. "Mú àtàǹpàkò rẹ wá, ìyàwó."

Ẹ̀yìn ilé yẹn ni a jáde sí, níbi tí ẹ̀rọ omi tó ti dákẹ́ wà. Mo gbé ọ̀pá fún Ìyá. Ó gbà á, ó fi sábẹ́ abíyá bí ẹni gbé agboòrùn.

"Ẹ ò ní làkúrègbé," mo wí.

"Mi ò ní in rí."

"Gbogbo títiro yẹn?"

"Nígbà tí àwọn Ajá yìí kọ́kọ́ dé, mo mọ̀ pé wọ́n á gbọ́ òórùn mi. Èwo ni kí n ṣe? Kí n lọ bá nọ́ọ̀sì kó yọ ọ́, kí gbogbo ìlú gbọ́ pé mo jẹ́ kí bàbá ọkọ rẹ gun òkè àdúrà lásán? Mo lọ wá ẹ̀gbà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro."

"Kí ló dé tí ẹ fi í sí i nígbà náà?"

Ó rò ó. Mo rò pé ó máa sọ nípa àìsàn, tàbí ìyà.

"Ọ̀kan tó mi," ó ní. "Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìyá ọkọ mi nìkan ni mo ṣẹ̀. Mo máa bẹ̀ wọ́n tí mo bá dé ọ̀run."

A rìn díẹ̀. "Ìgbà wo lẹ mọ̀ nípa tèmi?"

"Gbogbo ìgbà tí a bá dé iwájú Ajá, o máa ń fa ọwọ́ ẹ̀gbà mi mọ́ ikùn rẹ. Èmi náà sì ń fẹ́ fà á mọ́ tèmi. Ẹ̀gbà kan, ikùn méjì. Mo ní, jẹ́ kí ọmọdé mú un."

"Àdúrà àràárọ̀ ńkọ́?"

"Ògiri ilé wa ò nípọn. Àwọn tó wà lódìkejì ni mò ń gbà á sí létí."

Mo sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ wí fún un, pé bí Ìyá bá gbọ́ nípa lúùpù mi, ọ̀rọ̀ náà máa pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ẹ̀rọ omi.

"Ó ti tán báyìí, Ìyá," mo wí. "Wọ́n ti yọ tiyín. Ẹ lè ju ọ̀pá yìí nù, kí ẹ máa rìn bí èèyàn."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò tètè yé. "Bí mo bá ń rìn bí èèyàn, wọ́n á gba ẹ̀gbà. Bí wọ́n bá gba ẹ̀gbà, kí lo máa fi kọjá nígbà míì?"

"Wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni báyìí. Ẹ̀gbà ò wúlò mọ́."

"Hẹn," Ìyá wí. "Mo ti ń rò ó."

A yọ sí iwájú ilé, níbi tí ìlà ṣì gùn. Fìjàbí gbé ojú sókè. Ìyá ti ń tiro padà, ó ń fi ọ̀pá talẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀gangan ibi tí gbogbo wọn ti lè rí wa, ó yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ṣubú lóòótọ́. Mo gbọ́ bí egungun ṣe kan sìmẹ́ǹtì. Àwọn èèyàn figbe ta. Fìjàbí fi Ajá sílẹ̀, ó sáré wá, jìnnìjìnnì ti bò ó.

"Ta ló ní kí Ìyá dá rìn? Ìyàwó, o ò gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ mọ́! Títí kan iwájú Ajá, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ máa jọ kọjá, mo ti sọ ọ́!"

Mo kúnlẹ̀ tì í. Orúnkún rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, pupa gan-an, ó ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Arúgbó ni. Ó dùn ún. Mo rí i pé ó dùn ún. Ohun kan gòkè wá nínú mi láti ibi tí mo rò pé kò sí nǹkan kan mọ́, mo la ẹnu, mo sì ń sunkún, èmi tí mi ò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ mi lọ sin. Mo gbé orí lé àyà rẹ̀, mò ń ké bí ọmọdé.

Ìyá fi ọwọ́ ẹ̀gbà rẹ̀ gbá mi mú mọ́ra, ó gbé ẹnu sétí mi.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ó sọ jẹ́jẹ́. "Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ."